IBN NAFIS, ÀÁFÀ TÓ TỌPA Ẹ̀JẸ̀ INÚ ỌKÀN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí ni Ibn Nafis. Agbègbè Dimashq ní ilẹ̀ Síríà ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1213. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀ lọ́wọ́ ad-Dakhwar, kí ó tó kọjá sí Káírò ní ilẹ̀ Mísírà. Iṣẹ́ dókítà nìkan kọ́ ló ń ṣe o. Ó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn ní ojú ọ̀nà Imam Shafi'i. Ẹni tó bá rò pé ilé-kéú àti sáyẹ́ǹsì kì í gbé pọ̀, kí ó fetí sí èyí.

Ní 1242 ó kọ àlàyé sórí ìwé Ibn Sina. Láyé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Galen ará Gíríìkì ni gbogbo oníṣègùn gbà: pé ihò tíntìntín tí ojú kò rí wà lára ògiri tó pín ọkàn sí méjì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ibn Sina pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ibn Nafis ní rárá. Ògiri náà ki, kò sí ihò kankan níbẹ̀, ìbáà ṣe èyí tó hàn tàbí èyí tó fara pamọ́. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ láti apá ọ̀tún, tí ó ń pàdé afẹ́fẹ́, kí ó tó dé apá òsì. Ọ̀gá àgbà tí òun fúnra rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ló já ní koro yẹn!

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn inú ìwé lásán ni. Bí àìsàn bá le, dókítà ní láti mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń tó bí lítà 5. Ní 1870, Adolf Fick ará Jámánì ṣàlàyé pé bí a bá mọ ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró, a ó lè ṣírò rẹ̀. Ká ní ihò Galen ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ìṣirò náà kò ní dúró. Ní 1970 ni Swan àti Ganz gbé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, tí wọ́n ń tì gba inú apá ọ̀tún ọkàn dé iṣan ẹ̀dọ̀fóró, ojú ọ̀nà tí Ibn Nafis júwe gan-an.

Àmọ́ rọ́bà inú ọkàn ní ewu tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn fi dé, tí wọ́n ń ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ ṣe ń sọ, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ ṣírò iṣẹ́ ọkàn. Ara tu aláìsàn, ṣùgbọ́n wọn kò péye tó bẹ́ẹ̀. Láti 1999 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń lo òdiwọ̀n pé kí àṣìṣe má kọjá ìdá 30 nínú 100, síbẹ̀ àṣìṣe wọn sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, pàápàá lára ẹni tí àìsàn ti mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tó bá gba iye tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ihò Galen ló tún gbà gbọ́.

Ní 1288 ni àìsàn ìkẹyìn dá Ibn Nafis dùbúlẹ̀ ní Káírò. Àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó mu ọtí díẹ̀ fi ṣe oògùn. Ó kọ̀ jálẹ̀, pé òun kò ní pàdé Ọlọ́hun pẹ̀lú ọtí nínú. Ó fi ilé àti àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn Mansuri. Àlàyé rẹ̀ nípa ọkàn wá di ohun ìgbàgbé, títí di 1924 tí dókítà ọmọ Mísírà kan, at-Tatawi, fi rí ìwé náà ní ilé ìkàwé kan ní Berlin.