Karl Schwarzschild

Karl Schwarzschild (ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1873 – ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1916) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì. Ìṣirò rẹ̀ tó la ọ̀nà fún òye ihò dúdú ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí awo fọ́tò kò yẹ ní gbígbàgbé.

Ìlú Frankfurt ni a bí i sí, nínú ìdílé Júù. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Munich ní 1896, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Kuffner ní Vienna títí di 1899. Níbẹ̀ ni ó ti gbìyànjú láti fi bí àmì ìràwọ̀ ṣe dúdú tó lórí awo mọ bí ìràwọ̀ náà ṣe mọ́lẹ̀ tó. Òfin Bunsen àti Roscoe, tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé, sọ pé ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ líle fún ìgbà díẹ̀ yóò mú awo dúdú bákan náà, bí I × t wọn bá ti dọ́gba (I ni líle ìmọ́lẹ̀, t ni àkókò). Schwarzschild rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi I × tᵖ rọ́pò rẹ̀, p sì jẹ́ nǹkan bí 0.86. Nítorí náà, ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 100 ti òmíràn kò nílò ìlọ́po 100 àkókò, bí kò ṣe nǹkan bí ìlọ́po 212. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé ìràwọ̀ náà ṣókùnkùn ju bí ó ti rí lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí wọ́n máa ń fi iná mànàmáná sun irin nígbà kan rí, tí wọ́n sì máa ń ya àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sórí awo láti mọ iye èròjà inú rẹ̀. Hurter àti Driffield ti fi hàn ní 1890 pé ìlà títẹ̀ ni dídúdú awo ń tẹ̀ lé. Ìlà yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà fún awo kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Òfin Schwarzschild ni ó jẹ́ kó hàn pé ìlà tí a yà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè tanni jẹ nípa fọ́tò tí ó gba wákàtí kan.

Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Göttingen láti 1901 sí 1909, níbi tí ó ti wọn ìmọ́lẹ̀ nǹkan bí 3500 ìràwọ̀, kí ó tó di olùdarí ilé ìwòràwọ̀ Potsdam. Ní 1914 ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ológun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni 40 ọdún. Láàárín ogun ni ó kọ ìṣirò rẹ̀ lórí ìdọ́gba Einstein, àti òmíràn lórí bí agbára iná ṣe ń pín àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ háídírójìn sí wẹ́wẹ́. Àìsàn awọ ara tí à ń pè ní pemphigus ni ó pa á ní Potsdam. Göttingen ni a sin ín sí.