Ta ni Otto Frisch, ogúnléndé ọmọ Júù tí wọ́n fi iṣẹ́ àṣírí pamọ́ fún, tó wá ṣírò bọ́ǹbù átọ́míìkì?

Nígbà òtútù tó wọ ọdún 1940, àwọn onímọ̀ físíìsì ní Fásitì Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọn kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ rédà ni, èyí tí wọ́n máa fi rí ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun Jámánì látòkèèrè.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọn kò jẹ́ kó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Otto Robert Frisch ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Júù ni, ìjọba Hitler ló lé e lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àjèjì láti ilẹ̀ ọ̀tá ni. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó má sì béèrè ohun tí àwọn yòókù ń ṣe.

Àyè wá ṣí sílẹ̀ fún un láti máa ronú. Inú ìrònú yẹn ni bọ́ǹbù átọ́míìkì ti jáde.

Ọmọ Vienna tó fẹ́ràn dùùrù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n bí Frisch ní Vienna, olú ìlú Austria. Justinian Frisch, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì máa ń ya àwòrán. Ìyá rẹ̀, Auguste, mọ dùùrù tẹ̀ gan-an, ọmọ náà sì jogún ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹnì kan tún wà nínú ẹbí yìí tí a kò lè sọ ìtàn Frisch láìdárúkọ rẹ̀. Lise Meitner ni, àbúrò ìyá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní Vienna. Ọdún 1926 tí Frisch gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ni àǹtí rẹ̀ yìí di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin. Nígbà tí Frisch náà rí iṣẹ́ sí Berlin, àwọn méjèèjì a máa jókòó sídìí dùùrù kan náà, wọ́n á jọ máa tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1930, ó kọjá sí Hamburg láti bá Otto Stern ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí proton wà lára ohun tí Stern gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lẹ́yìn náà.

Òfin kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Oṣù kìíní ọdún 1933 ni Hitler di olórí ìjọba Jámánì. Kí oṣù kẹrin tó parí, òfin ti jáde pé kí wọ́n lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, títí kan àwọn olùkọ́ fásitì. Frisch kì í ṣe ẹni tó ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Òfin náà kò béèrè ìyẹn.

Èyí tó dunni jù níbẹ̀ ni pé àjọ Rockefeller ti fún un lówó ìwádìí láti lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Enrico Fermi ní Rome. Ìlànà àjọ náà ni pé ẹni tí wọ́n bá fún lówó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí yóò padà sí. Nígbà tí Hitler gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àjọ náà gba owó padà.

Stern, tí òun náà jẹ́ Júù, ló bá a wá ọ̀nà. Ó bá Patrick Blackett sọ̀rọ̀ ní London, Frisch sì rí àyè ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Birkbeck. Láti ibẹ̀ ló gba Copenhagen lọ, ní Denmark, sọ́dọ̀ Niels Bohr, ó sì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀.

Kérésìmesì nínú yìnyín

Ọdún 1938 kò dára fún ẹbí wọn rárá. Ní oṣù kẹta, Hitler gba Austria. Ìwé ìrìnnà Austria ló ti ń dáàbò bo Meitner ní Berlin látẹ̀yìnwá. Bí Austria ṣe di ti Jámánì, ààbò yẹn parí. Ní oṣù keje, ó sá gba Netherlands kọjá sí Sweden, lẹ́ni ọdún 59, láìrí ẹrù kan pàtàkì mú dání. Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn òru tí wọ́n sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì àti Austria, wọ́n mú bàbá Frisch ní Vienna, wọ́n sì gbé e lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí Frisch wọkọ̀ láti Copenhagen lọ bá àǹtí rẹ̀ ṣe Kérésìmesì ní Kungälv, ìlú kékeré kan ní Sweden.

Ó ti ní ohun tó fẹ́ bá a sọ nípa iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Meitner kò gbọ́. Lẹ́tà kan ló nà sí i. Otto Hahn, tó ti bá Meitner ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ní Berlin, ló kọ ọ́. Hahn àti Fritz Strassmann ti fi neutron lu uranium, wọ́n sì bá barium nínú ohun tó ṣẹ́kù. Barium kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì uranium lọ. Bí ẹni fi òkò kékeré lu àpáta, tí àpáta náà wá là sí méjì ni.

Frisch ní àṣìṣe ni Hahn ṣe. Meitner ní Hahn kì í ṣe ẹni tó ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jáde lọ rìn. Frisch wọ pákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín sẹ́sẹ̀, Meitner ní òun á bá a rìn láìwọ̀ ọ́, kò sì gbẹ́yìn. Bohr ti máa ń sọ pé kóró àárín átọ́ọ̀mù dà bí ẹ̀kán omi. Wọ́n wá ń rò ó pé tí ẹ̀kán náà bá tóbi bíi ti uranium, a jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó fọ́. Tí neutron kan bá kàn án, ó lè máa mì, kó gùn, kí àárín rẹ̀ tín-ín-rín, kó sì já sí méjì.

Wọ́n jókòó sórí igi tó wó lulẹ̀, wọ́n mú bébà pélébé jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ègé méjèèjì máa ti ara wọn sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó tó 200 mílíọ̀nù electron volt. Níbo ni irú agbára bẹ́ẹ̀ ti máa wá? Meitner mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìwúwo kóró átọ́ọ̀mù lórí. Ó rí i pé ègé méjèèjì papọ̀ á fúyẹ́ ju uranium ti àkọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá márùn-ún ìwúwo proton kan. Ó fi ìlànà Einstein yí ìwúwo tó sọnù yẹn sí agbára. 200 mílíọ̀nù ló tún jáde. Ìṣirò méjì láti ọ̀nà méjì, èsì kan náà.

Agbára inú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo yìí tó láti mú kí hóró iyanrìn kan ta pọ́ún lójú ẹni. Átọ́ọ̀mù tó wà nínú uranium tí kò ju èékánná lọ kò sì níye.

Nígbà tí Frisch padà dé Copenhagen tó sọ fún Bohr, Bohr lu orí ara rẹ̀, ó ní báwo ni gbogbo àwọn ṣe fojú fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Frisch béèrè lọ́wọ́ William Arnold, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí láti Amẹ́ríkà, pé kí ni wọ́n ń pe bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń pín sí méjì. Fission ni Arnold dá a lóhùn. Orúkọ yẹn ni gbogbo ayé ń lò títí dòní. Ìwé ìròyìn Nature gbé àlàyé Frisch àti Meitner jáde ní oṣù kejì ọdún 1939.

Ìròyìn ayọ̀ kan tún wọlé fún ẹbí náà. Sweden gbà láti fún àwọn òbí Frisch ní ìwé ìwọ̀lú, wọ́n dá bàbá sílẹ̀ ní Dachau, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ sí Stockholm.

Ojú ìwé díẹ̀ láti Birmingham

Frisch rí i pé Hitler kò ní í pẹ́ dé Denmark. Nígbà tí Mark Oliphant pè é sí Birmingham nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1939, ó di báàgì kékeré méjì bí ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kò sì padà mọ́.

Wọ́n ní kó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa fission, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹbù kò lè ṣeé ṣe. Ìdí ni pé oríṣi uranium tó ń là dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní 235, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún uranium tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán ni ìbéèrè kan kò jẹ́ kó sinmi: tí èèyàn bá yọ 235 yìí sọ́tọ̀ ńkọ́?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Rudolf Peierls, ọmọ Júù mìíràn tó wá láti Jámánì. Wọ́n jọ ṣírò rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń fọkàn sí ni ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù. Èyí tó jáde fún wọn kò ju kílógíráàmù kan lọ. (Iye yẹn kéré jù, bọ́ǹbù Hiroshima gba nǹkan bíi kílógíráàmù 64, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kan lè gbé ìyẹn náà.)

Ẹ̀rù bà wọ́n. Tí ogúnléndé méjì bá lè ṣírò èyí lórí bébà, kí ni kò ní í jẹ́ kí àwọn tó kù sí Berlin ṣe é? Ní oṣù kẹta ọdún 1940, wọ́n kọ ojú ìwé díẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Peierls fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, wọn kò jẹ́ kí akọ̀wé kankan fojú kàn án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ìtànṣán bọ́ǹbù náà á máa pa èèyàn lẹ́yìn tó bá bú tán, pé kò ṣeé jù láìpa ọ̀pọ̀ ará ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti pé èyí lè mú kó má yẹ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ó. Ìkìlọ̀ yẹn wà nínú ìwé náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní MAUD. Wọn kò kọ́kọ́ jẹ́ kí Frisch àti Peierls mọ ohun tí ìgbìmọ̀ náà ń jíròrò, nítorí àjèjì ni wọ́n. Àṣírí tí wọ́n ń pa mọ́ fún wọn ni èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ!

Los Alamos

Frisch lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ James Chadwick ní Liverpool, lábẹ́ òjò bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì. Nígbà tó di ọdún 1943 tí Amẹ́ríkà ń fẹ́ àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi sọ ẹni tí wọ́n ń pè ní àjèjì ọjọ́sí di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n pe Meitner náà sídìí iṣẹ́ bọ́ǹbù. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú uranium tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, láti ibi ìwakùsà Shinkolobwe ní Katanga, ní Congo tó wà lábẹ́ Belgium nígbà náà. Ní Los Alamos, ní New Mexico, iṣẹ́ Frisch ni láti mọ bí uranium ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ó dábàá pé kí wọ́n máa ju ègé uranium kan gba àárín èyí tó kù kọjá, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ di bọ́ǹbù fún ìṣẹ́jú-àáyá tí kò tó nǹkan. Richard Feynman fi í wé ẹni tó ń rin dírágónì nídìí ìrù.

Lọ́jọ́ kan, Frisch tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí uranium tí wọ́n tò jọ. Omi inú ara rẹ̀ dá neutron padà sínú rẹ̀, iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ wá ń tàn láìdúró. Ó fọwọ́ gbá uranium díẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì pẹ́ sí i, ó kú nìyẹn. Méjì nínú àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Los Alamos, Harry Daghlian àti Louis Slotin, kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1945, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kan sáré wọlé pé Hiroshima ti pa run. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sáré pe òtẹ́ẹ̀lì La Fonda ní Santa Fe kí wọ́n lè bá àwọn fi tábìlì pamọ́ fún àjọyọ̀. Inú Frisch kò gba oúnjẹ àjọyọ̀ kankan lọ́jọ́ náà, nígbà tó ń ro ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ṣòfò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ni wọ́n kà wọ́n sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge

Ó padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1946, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Harwell. Ní ọdún 1947, wọ́n fi í jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Cambridge, lórí àga tí wọ́n ń pè ní Jacksonian, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ Trinity College. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún 25. Ó fẹ́ Ulla Blau, ayàwòrán tí òun náà jẹ́ ọmọ Vienna, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Kò tún ṣe bọ́ǹbù mọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn ipasẹ̀ àwọn ègé inú átọ́ọ̀mù láti inú fọ́tò ló gbájú mọ́.

Hahn nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí fission. Wọn kò fún Meitner, wọn kò sì fún Frisch.

Ní ọdún 1960, Meitner fi Sweden sílẹ̀, ó kó wá sí Cambridge kó lè wà nítòsí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni 90 ọdún. Frisch fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ọdún kan náà tí ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde.

Abúlé Bramley, ní Hampshire, ni wọ́n sin Meitner sí. Frisch ló yan ọ̀rọ̀ tó wà lára òkúta ibojì náà. Kò mẹ́nu kan uranium, kò sì mẹ́nu kan fission. Ohun tó ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé onímọ̀ físíìsì ni, àti pé kò fìgbà kan sọ ọmọlúàbí rẹ̀ nù.