Ìgbésí Ayé Alexis Clairaut, Onímọ̀ Ìṣirò (1713–1765)

Bí ilé-ìwé bá ń ṣe àjọ̀dún, àwọn olùdásílẹ̀ àti àwọn olùkọ́ ni a sábà máa ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ pẹ̀lú kí a máa rántí àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, tí orúkọ wọn kò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Alexis Claude Clairaut, ará ilẹ̀ Faransé.

Ìlú Paris ni a ti bí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 1713, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà nínú ògo rẹ̀ nílẹ̀ wa. Olùkọ́ ìṣirò ni Jean-Baptiste, bàbá rẹ̀. Ogún ọmọ ni ìyá rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kí ilé náà kún. Bàbá yìí fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, inú ìwé jiọ́mẹ́tírì ti Euclid ni ó sì ti fi lẹ́tà kíkà hàn án. Kí ọmọ náà tó kọjá ọdún 10, ó ti ń ka ìwé ìṣirò tí àwọn àgbà ń làágùn lé lórí. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13, ó dúró níwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Paris, ó sì ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ìlà mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ ṣàwárí.

Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìlà tí a lè fà sójú pátákó ni àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn wà tí pátákó kò lè gbà. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àwọn wẹ́dà tí ó wà káàkiri Ayọ̀bọ̀. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó páìpù kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù ńlá, kò jẹ́ gé ẹnu kékeré náà ní títẹ́jú; yóò gbẹ́ ẹ títí yóò fi jókòó sára èyí tí ó tóbi láìsí àlàfo. Bí a bá gbé ẹnu tí a gbẹ́ bẹ́ẹ̀ lé orí tábìlì, ibi méjì péré ni yóò ti fara kan tábìlì, yóò sì máa mì. Ìlà tí ó yí ẹnu náà ká ni ibi tí ojú páìpù méjèèjì ti pàdé. Bí a bá wò ó láti òkè, ó rí róbótó; bí a bá wò ó láti ìdí páìpù ńlá, ó dà bí ọrun ọdẹ.

Ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ mọ̀ yìí ni Clairaut fi ìṣirò sọ. Ìdọ́gba kan tí ó ní lẹ́tà mẹ́ta, ọ̀kan fún gígùn, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún gíga, a máa júwe odidi ojú kan fún wa: ojú páìpù, ojú bọ́ọ̀lù, tàbí ojú ògiri. Bí a bá wá mú ìdọ́gba méjì, tí a ní kí ibi tí a ń wá bá méjèèjì mu, kìkì ibi tí ojú méjèèjì ti pàdé ni yóò kù. Ìlà náà nìyẹn. Bí a bá sì yọ lẹ́tà kan kúrò nínú wọn, òjìji ìlà náà yóò hàn lórí ilẹ̀ tàbí lára ògiri. Nítorí pé a lè rí títẹ̀ rẹ̀ nínú òjìji méjì, a pè é ní ìlà onítẹ̀ méjì. Ìwé náà jáde ní ọdún 1731, nígbà tí Clairaut jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní ọdún náà ni a gbà á sínú Ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó èyí tí òfin béèrè.

Ayọ̀ ilé náà kò pẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ti tẹ ìwé ìṣirò jáde ní ọdún 1731, kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ọmọ ọdún 16. Àrùn tí àwọn bàbá wa kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde, ni ó pa á. Clairaut kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1736, ó bá Maupertuis lọ sí Lapland, nínú òtútù àríwá Yúróòpù, láti wọn ilẹ̀. Ìwọ̀n wọn fi hàn pé ayé tẹ́ díẹ̀ ní orí àti ní ìdí, gẹ́gẹ́ bí Newton ti wí. Ní ọdún 1741, ó kọ ìwé jiọ́mẹ́tírì fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kò fi òfin gbígbẹ bẹ̀rẹ̀. Wíwọn ilẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè mọ ìdí tí a fi ń kọ́ ohun tí a ń kọ́.

Ìdánwò rẹ̀ tí ó le jù dé ní ọdún 1747. Ibi tí òṣùpá ti ń jìnnà sí ayé jù lọ a máa yí kiri ní ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n nígbà tí Clairaut fi òfin òòfà ti Newton ṣírò rẹ̀, ìdajì péré ohun tí ojú rí ni ó bá. Ó kéde ní gbangba pé òfin náà nílò àtúnṣe. Àwọn ọ̀gá ìṣirò bí Euler àti d'Alembert bá irú ìṣòro kan náà pàdé. Síbẹ̀ ó padà sídìí iṣẹ́, ó sì rí i pé àwọn ohun kéékèèké tí òun fojú fò ni ó ṣi òun lọ́nà. Ní ọdún 1749, ó jẹ́wọ́ níwájú Ẹgbẹ́ kan náà pé Newton ni ó jàre. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Iṣẹ́ tí ó ti inú àtúnṣe náà jáde gba ẹ̀bùn ní Saint Petersburg, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1752.

Lẹ́yìn èyí ni ó dojú kọ ìràwọ̀ onírù tí Halley ti sọ pé yóò padà wá. Clairaut, Lalande àti arábìnrin Nicole-Reine Lepaute jọ ṣírò fún oṣù bí mélòó kan. Wọ́n rí i pé Júpítà àti Sátọ̀n yóò dá ìràwọ̀ náà dúró fún ọjọ́ 618. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1758, Clairaut kéde pé yóò súnmọ́ oòrùn jù lọ ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 1759, ó sì fi oṣù kan sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, àgbẹ̀ kan ní Jámánì, Palitzsch, ni ó kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni ó dé ẹ̀gbẹ́ oòrùn. Inú ayọ̀ náà ni àbùkù kan ti wọlé: nígbà tí ìwé Clairaut lórí ìràwọ̀ náà jáde, kò fún arábìnrin Lepaute ní ìyìn tí ó tọ́ sí i. Lalande ni ó jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó má baà parun.

Clairaut kú ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1765, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ní ẹni ọdún 52. Kò gbéyàwó.

Ẹ̀yin òbí wa, bàbá tí ó sin ọmọ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì yé kọ́ àwọn tí ó kù, ni ó wà lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ rántí ọdún 1749 nígbà tí ipò bá fẹ́ mú kí ó ṣòro láti gbà pé a ṣìnà. Ẹ sì jẹ́ kí a máa dárúkọ àwọn ọmọbìnrin wa níbi tí iṣẹ́ wọn bá wà. Kí Ẹlẹ́dàá, tí ó fi ọ̀nà lélẹ̀ fún òṣùpá àti ìràwọ̀, máa tọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Àmín.