Dáódù: Àlùfáà Tí Ó Kó Àwọn Olùkọ́ Jọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá bi púpọ̀ nínú wa pé ta ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ohun tí a óò kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni bàbá Fẹlá olórin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1891. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀ náà. Nígbà tí a dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1908, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kàwé gboyè ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ní Èkó.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School. Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni ó ti fi nǹkan bí ọdún 13 ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, tí ó gbé ní ọdún 1925, ti bí Olikóyè, tí ó di Mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ọwọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbálẹ̀. Dáódù rí i pé olúkúlùkù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú ń dá ìyà tirẹ̀ jẹ ni. Ní ọdún 1926, ó kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn olùkọ́ Èkó náà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ní oṣù keje ọdún 1931, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí N.U.T., wọ́n sì fi Dáódù jẹ ààrẹ. Kò fi ipò náà sílẹ̀ títí di ọdún 1954. Ní ọdún 1932 ni ó padà sí Abẹ́òkúta láti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ọ̀rọ̀ owó-oṣù wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà jà fún, nítorí pé owó olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò tó ti olùkọ́ ìjọba.

Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú Ìgbìmọ̀ Elliot lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọdún 1945. Nígbà tí ó di ọdún 1948, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Dáódù kú ní oṣù kẹrin ọdún 1955.

Kí ni mo fi èyí pè? Púpọ̀ nínú àwa tí ń kọ́ Yorùbá ni yóò di tíṣà. A sì mọ ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo tíṣà. Wọ́n á ní ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Àlùfáà ni Dáódù, ọ̀run ni iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó wá èrè olùkọ́ níhìn-ín, ní ilé ayé. Ẹ má jẹ́ kí a tijú iṣẹ́ náà.