Sékou Touré: Ẹni Tó Kọ̀ fún de Gaulle

Faranah, ní ilẹ̀ Guinea, ni wọ́n ti bí Ahmed Sékou Touré ní ọdún 1922. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1953 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1958, de Gaulle wá sí Conakry láti polongo ìwé òfin tuntun tí Faransé àti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso fẹ́ dìbò lé lórí. Ilẹ̀ tó bá gbà á yóò wà lábẹ́ Faransé. Èyí tó bá kọ̀ ọ́ ti gba òmìnira nìyẹn. Touré dìde níwájú àlejò rẹ̀, ó ní òmìnira pẹ̀lú ìṣẹ́ tẹ́ àwọn lọ́rùn ju ọrọ̀ ẹrú lọ. Inú bí de Gaulle gan-an. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò Guinea tó kọ ìwé náà. Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, gbà á ní tiwọn.

Faransé bínú kó àwọn òṣìṣẹ́ àti fáìlì wọn lọ. Nkrumah ló ṣèlérí láti yá Guinea lówó.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ máa ń dúró sí, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Touré yìí kan náà ló ń ti àwọn alátakò mọ́ àgọ́ Boiro. Ibẹ̀ ni ebi pa Diallo Telli kú sí ní 1977, ẹni tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà.

Touré kú ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1984. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, àwọn ológun gbàjọba.