Henry Townsend: Ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú Ìwé Ìròhìn

Bí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ìròyìn ní Nàìjíríà, orúkọ Henry Townsend ni a ó kọ́kọ́ dá. Ìlú Exeter, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1815. Òun ló dá Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Oṣù Kìíní ọdún 1843 ló kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Nígbà tí òun, Gollmer àti Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845 láti wá fìdí iṣẹ́ ìjọ múlẹ̀, kò pẹ́ tí ìròyìn ikú Ṣódẹkẹ́ fi kàn wọ́n. Àwọn Ẹ̀gbá sì dó ti Adó-Odò, ọ̀nà tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, kò rọgbọ. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n lò ní Àgbádárìgì. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta.

A kì í ta ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ wáyé. Ní 1854, Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó tó ọdún márùn-ún kí ìwé ìròyìn náà tó jáde, lọ́dún 1859. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Ìròyìn ìjọ, ọ̀rọ̀ òwò àti ti ìlú ló kún inú rẹ̀. Ní 1860, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Àmọ́ olórí tó mọ ọmọṣẹ́ kọ́ yìí kò fẹ́ kí adúláwọ̀ ṣe olórí òun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Crowther, tí wọ́n jọ jìyà ọ̀nà, jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Townsend takò ó. Síbẹ̀, Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 1867, aáwọ̀ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó di rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Wọ́n lé àwọn òyìnbó, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròhìn sì kú.

Townsend kú ní 1886. Lọ́dún 1888, Ìwé Ìròhìn Èkó jáde l'Ékòó. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ Yorùbá kà kò tán nílẹ̀.