Pierre-Paul Riquet, Ẹni tí ó Gbẹ́ Odò Láti Òkun dé Òkun

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti Adó-Èkìtì lọ sí Ìgèdè rí mọ ohun tí òkè máa ń fi ojú ènìyàn rí. Kí a tó la Ìyìn kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti sọ̀kalẹ̀, a óò máa ti kẹ̀kẹ́ lọ nínú oòrùn, òógùn yóò sì ti bò wá. Ní Ìgèdè yìí kan náà ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Omi náà jáde ní ilẹ̀ òkè wa, ó sì ṣàn gba Òṣogbo kọjá títí ó fi bọ́ sínú ọ̀sà ní ẹ̀bá òkun. Kò bá òkè kankan jà. Ibi tí ilẹ̀ gbé rẹlẹ̀ ni ó ń tọ̀. Bí ọ̀nà bá wà ní etí odò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ wa ìbá máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Toulouse, ó tọ àfonífojì odò Hers, ó gba ti Fresquel àti ti Aude kọjá, ó sì parí ní ọ̀sà Thau lẹ́bàá ìlú Sète, ìrìn nǹkan bí 240 kìlómítà. Níbòmíràn a ti da ọ̀dà sí i; ní ibi púpọ̀, erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni, gbòǹgbò igi sì yọ orí síta. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ń rìn ín. Ṣùgbọ́n omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà kì í ṣe odò àdáyébá. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ. Ìtàn ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ni a fẹ́ sọ.

Ní ìlú Béziers ni a bí Pierre-Paul Riquet, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Òun tìkárarẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ èdè Gíríìkì tàbí ti Látìnì, àti pé èdè Faransé pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni gbígba owó-orí lórí iyọ̀ fún ọba ní ilẹ̀ Languedoc, ó sì di ọlọ́rọ̀ nípa rẹ̀. A kò ní fi èyí pamọ́ pé owó-orí náà ni àwọn tálákà lára púpọ̀. Àwọn ará Roussillon tilẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà mú kí ó máa rin ilẹ̀ náà já, ó sì mọ ìyọnu àwọn oníṣòwò. Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ ti Òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Òkun Mẹditaréníà ní láti yí gbogbo ilẹ̀ Sípéènì po gba Gibraltar, àwọn olè orí omi a sì máa dènà dè é. Ó pẹ́ tí àwọn ọba Faransé ti ń ronú àtigbẹ́ odò já láti òkun kan dé èkejì, ṣùgbọ́n ohun kan ni ó dí wọn lọ́wọ́. Odò tí a bá gbẹ́ gba orí ilẹ̀ gíga kọjá yóò máa jo omi sí ọ̀tún àti sí òsì. Níbo ni a ó ti rí omi tí yóò máa kún un lókè?

Riquet kíyèsí i pé ní Naurouze ni ilẹ̀ ti pín omi: èyí tí ó bá ṣàn sí ìwọ̀-oòrùn, Àtìláńtíìkì ni ó ń lọ, èyí tí ó bá ṣàn sí ìlà-oòrùn, Mẹditaréníà ni. Bí òun bá lè mú omi dé ibẹ̀, iṣẹ́ parí. Ó gun Òkè Dúdú lọ pẹ̀lú Pierre Campmas, olùtọ́jú omi ní ìlú Revel, ẹni tí ó mọ gbogbo ìṣàn òkè náà. Ọlọ́rọ̀ ni Riquet, ṣùgbọ́n kò tijú láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò tó o ní ipò. Ní 1662, ó kọ̀wé sí Colbert, olùtọ́jú ìṣúra Ọba Louis Kẹrìnlá. Ní 1665, ó gbẹ́ ojú omi tóóró kan láti fi dán an wò, omi sì ti òkè dé Naurouze. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọba pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní 1667 ni a fi ìpìlẹ̀ ìsédò ńlá ti Saint-Ferréol lélẹ̀, kí adágún omi lè wà tí yóò máa bọ́ odò náà ní ìgbà ọ̀dá. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná, àwọn òṣìṣẹ́ tó 12,000, àwọn obìnrin sì wà nínú wọn. Riquet ń san owó fún wọn ní oṣooṣù, kì í sì í yọ ti ọjọ́ ìsinmi, ti ọjọ́ òjò, tàbí ti ọjọ́ àìsàn, ohun tí a kò gbọ́ rí ní àkókò náà.

Kí ọkọ̀ lè gun òkè, ó kọ́ àwọn yàrá olókùúta sínú omi, ilẹ̀kùn ńlá wà níwájú àti lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ yóò wọlé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó jẹ́ kí omi wọlé láti òkè, ọkọ̀ yóò sì gbéra pẹ̀lú omi títí yóò fi bá apá òkè dọ́gba. Ní Fonseranes, lẹ́bàá Béziers, mẹ́jọ nínú yàrá wọ̀nyí ni ó so mọ́ ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ní Malpas, òkè kan tún dínà. Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Riquet mú kí a dá ihò sí abẹ́ òkè náà, ó gùn ju 150 mítà lọ, odò sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n owó ọba kò tètè dé. Riquet ná ọrọ̀ tirẹ̀, ó yáwó, ó sì ná owó tí ó yẹ kí ó fi fa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọkọ. Ọjọ́ ogbó dé, àìsàn dé, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù October 1680, ó kú ní Toulouse. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù kí odò náà parí. Ní oṣù May 1681 ni a ṣí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó parí rẹ̀, ó sì ju ogójì ọdún lọ kí ìdílé náà tó bọ́ nínú gbèsè.

Wàyí, ọ̀nà tí a sọ ní ìṣáájú ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹṣin ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹṣin a máa rìn ní etí omi, wọn a máa fi okùn fa ọkọ̀. Ní 1857, ojú irin láti Bordeaux dé Sète parí, ó sì gba èrò àti ẹrù lọ́wọ́ odò náà díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ ẹrù fi dáwọ́ dúró ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹṣin lọ, ọ̀nà kù, kẹ̀kẹ́ sì gbà á. Ní 1996, àjọ UNESCO kọ odò náà mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Ère Riquet sì ti dúró ní Béziers láti 1838.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ìtàn yìí kàn wá. Láìpẹ́ a óò jáde, a óò sì rán wa lọ sí àwọn abúlé Èkìtì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a óò kọ́ ní ABD ni a kò ní wà níbẹ̀ nígbà tí wọn yóò di ènìyàn ńlá, bí Riquet kò ti sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kìn-ín-ní la odò rẹ̀ já. Iṣẹ́ tiwa ni kí a wá omi dé òkè, kí a sì lanà fún un. Bí a bá tún ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìyìn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé lórí òkè ni odò ti ń ṣẹ̀.